Ọmọ Mi Ti Mọ Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Ọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òbí Tó Fẹ́ Bá Tíṣà Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, mo sì tún jẹ́ ìyá ọmọ tí ìbéèrè rẹ̀ kì í jẹ́ kí tíṣà sinmi. Ohun tí àwọn òbí tí ọpọlọ ọmọ wọn ń sáré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń bi mí jù lẹ́nu géètì ilé-ìwé àti lórí WhatsApp nìyí. Mo to wọn láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ mi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kì í ṣe pé ó kàn tètè mọ̀wé kà?

Ọmọ tí wọ́n tètè kọ́ ní ABD yàtọ̀ sí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń sáré, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ń kàwé lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ kọ́ ọ. Èkejì ń mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ẹ sọ fún un pé mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin jẹ́ méjìlá, ó padà wá bá yín nídìí ààrò: "Mọ́mì, mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta náà jẹ́ méjìlá. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀?" Irú ìbéèrè yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ó lè jókòó ti nǹkan kan fún wákàtí kan kó má gbọ́ ìpè oúnjẹ. Àwàdà àgbà ń yé e. Àwọn tó jù ú lọ ló ń bá ṣeré. Ọmọ yìí kan náà sì ni yóò ké bí ẹni tí wọ́n ń nà nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ yí sódì. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọpọlọ lè jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kí ọkàn jẹ́ ti ọmọ ọdún márùn-ún, kí ọwọ́ tó ń di pẹ́ńsùlù mú sì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Tíṣà tó bá rí ẹkún nìkan kò ní gbà pé ọpọlọ wà níbẹ̀.

Ipò kìíní ló ń mú ní gbogbo táàmù. Ṣé ìyẹn ò ti tó?

Ipò kìíní fi hàn pé ó ju àwọn ará kíláàsì rẹ̀ lọ. Kò sọ bóyá ó kọ́ nǹkan kan. Ọmọ tó ti lè gba 95 lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, tó wá gba 98 lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ fún ìsinmi, máàkì mẹ́ta ló kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ti orí 30 dé 61, tó mú ipò kejìlá, òun ló ṣiṣẹ́. Mo ti kọ "Ó ṣe dáadáa, tẹ̀ síwájú" sínú ìwé èsì irú ọmọ báyìí láìmọye ìgbà, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé n kò kọ́ ọ ní ohunkóhun.

Iṣẹ́ tí yóò mú un fi ọwọ́ họ orí, kó ṣì í, kó pa á rẹ́, kó tún un ṣe, ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ tíṣà. Ọmọ tí nǹkan kò le fún rí títí ó fi dé JSS2, lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, yóò rò pé òun ti ya òmùgọ̀ ni.

Ṣé dandan ni kí n ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ fún un kí n tó lọ bá ilé-ìwé?

Rárá o. Àyẹ̀wò wà lóòótọ́: WPPSI wà fún àwọn kékeré, WISC sì wà fún ọmọ ọdún 6 sí 16. Ṣùgbọ́n ó ń náni lówó, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀, òkèèrè ni wọ́n sì ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, débi pé ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè pàdánù máàkì tí kò kan ọpọlọ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rúni lójú ló wúlò, bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò lè kọ ìlà méjì. Nígbà náà, ẹ béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe ní Ọ̀yọ́.

Ìgbà wo ló dáa jù láti bá tíṣà sọ̀rọ̀?

Kì í ṣe aago méje ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tó ń ka orúkọ ọmọ lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe ọjọ́ tí gbogbo òbí tò sẹ́yìn yín láti gba ìwé èsì. Ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin táàmù kìíní ló dára: tíṣà ti mọ ọmọ, wàhálà ìdánwò kò sì tíì dé. Ẹ kọ ọ́ sínú dáyárì ọmọ: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Ẹ má fo tíṣà kọjá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ní ilé-ìwé aládàáni, kí ilẹ̀ tó ṣú, tíṣà lè ti gba kúẹ́rì, ọmọ yín ni yóò sì jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kí ni kí n sọ gan-an? N kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo ń fọ́nnu.

"Ọmọ mi gbọ́n ju kíláàsì yìí lọ" ni gbólóhùn tó ń tilẹ̀kùn. Ohun méjì ni tíṣà gbọ́ nínú rẹ̀: pé olódo ni àwọn ọmọ yòókù, àti pé òun kò mọ iṣẹ́. Ohun tí ẹ fojú rí nílé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè parí rẹ̀:

"Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ fún mi láyè. Orúkọ yín ni kì í kúrò lẹ́nu Tọ́lá nílé. Mo rí i pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń parí iṣẹ́ àṣetiléwá, lẹ́yìn náà á wá máa dá ìṣirò kọ fúnra rẹ̀. Mo mú díẹ̀ wá. Báwo ló ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ yín níbí?"

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ohun tí tíṣà ń rí láti aago mẹ́jọ sí aago méjì, ẹ̀yin kò rí i. Ó lè ní ọmọ náà kì í nawọ́, tàbí pé kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, tàbí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ẹ gbọ́ ọ tán, kódà bó bá dùn yín. Ẹ sì máa pè é ní Àǹtí, bí ẹ tilẹ̀ bí i lọ́mọ. Ojú mi ni ìyá kan ṣe pe tíṣà ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ní "ìwọ ọmọ yìí". Ìpàdé parí síbẹ̀.

Kí ni kí n mú dání?

Nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe Ghana-must-go kan. Ìwé tó ń kà lọ́wọ́, ojú-ewé kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìṣirò kan tó dá ṣe pẹ̀lú déètì lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ràn án lọ́wọ́, ẹ sọ. Tíṣà máa ń dá ọwọ́ ìyá mọ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ kó tó ṣí ìwé tán.

Tíṣà ní ọmọ mọ́kàndínláàádọ́ta ló wà níwájú òun. Kí ni mo lè béèrè tí agbára rẹ̀ máa ká?

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé nìyẹn wà. Ẹ má ní kó ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún ọmọ yín. Ohun tí yóò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù ni kí ẹ béèrè.

Èyí tó dára jù tí mo mọ̀ ni pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ níbi tó le jù. Bí ìṣirò mẹ́wàá bá wà lójú pátákó, kó ṣe márùn-ún tó kẹ́yìn. Bó bá gbà á, kí ló tún fẹ́ fi márùn-ún àkọ́kọ́ ṣe? Tíṣà kò níwèé tuntun tó máa wá, èyí tó máa máàkì sì dín. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìwé kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó lè mú jáde bó bá parí, kó má lọ máa fẹsẹ̀ gbá àga ẹlòmíì. Ẹ̀yin ni kí ẹ rà á. Ní ilé-ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ bá lójú àánú, ọmọ lè lọ jókòó ní Pámárì 4 fún ìṣirò nìkan, kó padà sí Pámárì 2 fún ìyókù, bí àkókò ìṣirò kíláàsì méjèèjì bá bọ́ síra. Èmi fẹ́ràn èyí ju kí wọ́n gbé e fo kíláàsì lọ.

Iṣẹ́ àfikún tí kò náni ní kọ́bọ̀ kún inú èdè àti eré wa. Ẹ ní kó wádìí ìdí tí 45 fi ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Á rí i pé márùn-ún la yọ kúrò nínú àádọ́ta. Ẹ wá bi í pé àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́: ogún mẹ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò. Kó dá wá 70, 90 àti 110, kó sọ òfin tó wà nídìí wọn. Ọmọ ọdún méje kan wà ní kíláàsì mi tí ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ jẹun lálàáfíà. Ayò ọlọ́pọ́n ńkọ́? Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. "Bí ọmọ mẹ́sàn-án bá wà nínú ihò yìí tí mo sì ta á, ibo lèyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí?" Ìṣirò gidi ni, tíṣà kò sì ní í máàkì rẹ̀.

Tíṣà ní ọmọ mi ń ṣe àfojúdi, pé ó ń tún òun ṣe níwájú kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba àárín òbí àti tíṣà jẹ́ jù nílé-ìwé wa. Ọmọ tó ní "Àǹtí, ẹ ti ṣì í kọ" kì í ṣe ọmọ burúkú. Bí ojú yín ṣe ń rí òkúta nínú ìrẹsì lojú rẹ̀ ṣe ń rí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni tíṣà náà, ojú sì tì í níwájú ọmọ ogójì. Ẹ ní láti gba ti àwọn méjèèjì rò.

Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ má fi "ṣùgbọ́n" kan sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ dábàá pé kí ọmọ máa kọ ohun tó bá rí sórí bébà kékeré, kó fi sórí tábìlì tíṣà nígbà ìsinmi. Mo bá ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí táàmù tó parí, èmi fúnra mi ni mò ń wá bébà yẹn. Nílé, ẹ kọ́ ọ ní bí ọmọ Yorùbá ṣe ń bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, kò yé mi bí ìlà kejì ṣe di mẹ́rìnlá." Tíṣà yóò wo ìlà kejì, yóò sì rí i fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ láti panu mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti nà án nítorí èyí, ọ̀rọ̀ ọpọlọ kọ́ la ń sọ mọ́. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n ti sọ ọ́ di tíṣà kékeré. Òun ló ń ṣàlàyé fún gbogbo ọmọ tí kò gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Bó bá di ojoojúmọ́, wọ́n ti fi í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nìyẹn. Ohun tó ti mọ̀ lọ́dún tó kọjá ló ń tún sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ITK. Ẹ sọ fún tíṣà wẹ́rẹ́ pé ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ìṣòro tirẹ̀.

Ṣé lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ máa ràn án lọ́wọ́?

Lẹ́sìn tó ń tún ti àárọ̀ ṣe ń fi ìyà kan náà jẹ ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo mọ̀ pé ó nira láti yọ ọmọ kúrò bó bá jẹ́ tíṣà kíláàsì ló ń ṣe é, nítorí owó oṣù kò tó nǹkan, lẹ́sìn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹ má yọ ọ́ nígbà náà. Ẹ bẹ tíṣà pé kó fi àkókò yẹn bá a ṣe nǹkan mìíràn: ìṣirò kíláàsì òkè, ìwé ìtàn, Yorùbá kíkọ pẹ̀lú àmì ohùn. Owó ń wọlé fún tíṣà, ọmọ náà sì ń rí nǹkan tuntun kọ́.

Yorùbá ni ọmọ wa gbọ́ dáadáa. Nítorí Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà ní kò mọ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́pọlọ pípé la ti sin sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ẹ bẹ tíṣà pé kó bi í ní ìbéèrè kan náà ní Yorùbá fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bí àṣà ilé-ìwé náà bá jẹ́ pé kí wọ́n má sọ èdè abínibí, kí wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ. Ẹ tún ní kó pa àlọ́ àpamọ̀ tuntun tí kò gbọ́ rí fún un. Ẹnu á yà á.

Ó ń kàwé bí àgbà, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ burú, kì í sì í parí ìdánwò.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Mi ò ṣe àwàdà: nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí mo bá pàdé, gíláàsì ojú lásán ni àwọn méjì nílò. Bí ìyẹn bá dára, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní ọpọlọ tó pọ̀, kó sì tún ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi dyslexia, tó máa ń mú kí ìwé kíkà tàbí kíkọ nira, lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀: ọpọlọ ń fi ìṣòro pamọ́, ìṣòro ń fi ọpọlọ pamọ́, tíṣà á wá rí ọmọ tó wà láàárín méjì, á ní ọ̀lẹ ni. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó fẹnu dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè, kó sì má máa da gbogbo ojú pátákó kọ. Irú èyí gan-an ni àyẹ̀wò tọ́ sí.

Ṣé ó burú kí n fún tíṣà ní ẹ̀bùn?

Kò burú nígbà Kérésì, nígbà Iléyá, tàbí nígbà tí ọmọ bá ń fi kíláàsì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ béèrè nǹkan ló burú. Èyí tó wọ tíṣà lọ́kàn jù ni ìwé ìdúpẹ́ tí ẹ kọ sí ọ̀gá rẹ̀, tí ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú àpótí mi dòní.

Ìyá ọkọ mi ní kí n má sọ ọ́ síta, pé ẹnu ayé kò dáa. Àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní ẹmẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Màmá lórí kí ẹ má gbé ìwé èsì rẹ̀ sórí Facebook. Èmi náà kì í gbé e. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún tíṣà kì í ṣe ìkéde. Ó dà bí ìgbà tí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ara ọmọ kò gba ẹ̀pà.

Ti ẹmẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ má gbà láyè. Ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọgbọ́n rẹ̀ mì, mo sì ti rí èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé kiri ilé àdúrà. Bó bá jẹ́ ẹnu tíṣà ló ti jáde, ẹ bá a sọ ọ́ lójúkojú, pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kí èmi àti tíṣà máa yìn ín?

Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yin àwọn ọmọ kan pé wọ́n ní ọpọlọ, wọ́n yin àwọn kan pé wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun. Nígbà tí iṣẹ́ le, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ló tètè jọ̀gọ̀ nù, àwọn kan nínú wọn sì purọ́ máàkì. Nítorí náà, ẹ ní "O ò sá fún èyí tó le." Oríkì rẹ̀ láàárọ̀ kò sí nínú èyí o, ẹ máa kì í lọ. Oríkì kò retí kó kọ́kọ́ yege.

Ilé-ìwé ní àwọn fẹ́ fún un ní dọ́bù-puromóṣàn. Ṣé kí n gbà?

Inú òbí máa ń dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè jẹ́ oore ńlá fún ọmọ tó bá tọ́ sí, ó sì lè fọ́ ọmọ tí kò tọ́ sí. Ohun tí èmi máa ń wò: ṣé gbogbo iṣẹ́ ló fi jù wọ́n lọ ni, àbí ìṣirò nìkan? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lè kọ̀wé tó kíláàsì tuntun, níbi tí wọ́n ti ń da odidi ojú pátákó kọ? Ṣé ó ń rí ẹni bá ṣeré láàárín àwọn tó jù ú lọ? Ṣé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ? Ọmọ tó ń sunkún pé òun kò fẹ́ fi ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ ti dáhùn.

Ẹ béèrè fún àdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó wà nínú àdéhùn pé ó lè padà láìsí ìtìjú, kí tíṣà kíláàsì tuntun sì wà nínú ìpàdé náà. Bí tíṣà yẹn kò bá fẹ́, kò ní bọ́ sí i. Ohun kan tí n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí: ẹ má gbé e fò wọ kíláàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò ní gbàgbé láéláé, oúnjẹ ilé kò sì ní dùn mọ́.

Kó kúkú ti Pámárì 5 wọ JSS1 ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ orí. Ní ìlànà, ọmọ ọdún 6 ló ń wọ Pámárì 1. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ní 4, tó fo Pámárì 6, yóò jókòó ṣe ìdánwò ìparí SS3 ní 15. Ní oṣù keje 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà ní ọdún 18 ni ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, mínísítà tó gba ipò rẹ̀ dá a padà sí 16. Òfin yìí lè tún yí kí ọmọ yín tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sáré jù ni yóò jókòó sílé máa wo àwọn yòókù. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ní kó gbé ọwọ́ kọjá lórí, bóyá á kan etí kejì, kí wọ́n tó gbà á. À ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n ń wo ara ọmọ kí wọ́n tó wo orí.

Fún ọmọ tó tọ́ sí, àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ wà tí ìdánwò NECO ń gbé ọmọ wọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ wà ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ yìí nìkan. Lílo ọdún Pámárì 6 láti múra fún un sàn ju fífò ó lọ.

Mo ti bẹ tíṣà títí, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ fún un ní odidi táàmù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún tíṣà fúnra rẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí ẹ jọ lọ rí ọ̀gá, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè níbẹ̀. Bí ọdún bá parí tí ọmọ kò fẹ́ lọ sílé-ìwé mọ́, ẹ wá ilé-ìwé mìíràn; kì í ṣe èyí tó lẹ́ tẹ́ẹ̀bùlẹ́ẹ̀tì mọ́ pátákó ìpolówó, bí kò ṣe èyí tí ọ̀gá rẹ̀ bi yín léèrè ohun tí ọmọ ń kà nílé.

London ni a wà. Tíṣà kàn ń ní ọmọ wa "ń ṣe dáadáa".

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fífo kíláàsì kò wọ́pọ̀ rárá. Ẹ béèrè bóyá ó wà ní "greater depth", ìyẹn ìpele tó ju ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ lọ, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìpàdé òbí sábà máa ń jẹ́, ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ láti ilé. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń bi tíṣà ní ara ilé. Ẹ lọ tààrà.

Fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má dúró de kí tíṣà fa ọmọ yín kalẹ̀. Nígbà tí Broward County ní Florida bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo ọmọ kíláàsì kejì dípò kí wọ́n máa dúró de ẹni tí tíṣà tàbí òbí bá dárúkọ, iye ọmọ adúláwọ̀ àti ọmọ Latino tó wọ ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pọlọ pípé pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìwé béèrè fún àyẹ̀wò fúnra yín.

Mo rò pé ọmọ mi ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Ohun tó ń ṣe nílé, á ní òun kò mọ̀ ọ́n nílé-ìwé.

Ó wọ́pọ̀ láti Pámárì 3 sókè, pàápàá láàárín àwọn ọmọbìnrin. Ẹ má na ọmọ yìí, ẹ má sì pariwo lé tíṣà lórí. Ìdí wà tó fi ń ṣe é, ẹ wá a. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lè jẹ́ pé tíṣà máa ń fi í wé àwọn yòókù: "Ẹ wo Tọ́lá, ṣé ẹ̀yin ò lójú ni?" Bó bá jẹ́ èyí ni, ẹ bẹ tíṣà pé kó máa yìn ín ní kọ̀rọ̀.

Ó sì lè jẹ́ àwa la fà á. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó máa ń fi ìṣirò mẹ́rin tó kẹ́yìn sílẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Àǹtí, bí mo bá parí, ẹ máa fún mi ní ogún míì." Òótọ́ ló sọ. Irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán náà ni mò ń fún un sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá tètè parí ní kíláàsì mi ló ń yan ohun tó fẹ́ fi ìyókù àkókò rẹ̀ ṣe, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.